Láti Ojú Ìwé dé Ẹnu Ife: Ipò Ìwé Ìtọ́sọ́nà nínú Kíkọ́ Iṣẹ́ Bàrísítà ní Lọ́kọ́jà

Àṣamọ̀

Pépà yìí dá lórí ipò tí ìwé ìtọ́sọ́nà ń kó nígbà tí a bá ń kọ́ ènìyàn ní iṣẹ́ bàrísítà, ìyẹn iṣẹ́ ẹni tí ń fi ẹ̀rọ ṣe kọfí fún oníbàárà. Ohun tí a fojú ara wa rí ní ìlú Lọ́kọ́jà ni a fi ṣe ìpìlẹ̀. A sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí àwọn onímọ̀ ti sọ nípa ìmọ̀ ọwọ́ àti nípa kíkọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá. A ṣàlàyé ohun tí ìwé lè ṣe, ibi tí agbára rẹ̀ pin sí, àti iṣẹ́ tí èdè Yorùbá lè ṣe láàárín ìwé àti ọwọ́. Èrò wa ni pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó yẹ kí ìwé wọ inú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, àti pé ó yẹ kí àwa olùkọ́ yé fi máàkì fún ohun tí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì ṣe rí.

Ìfáárà

Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí ọmọ bá fẹ́ kọ́ṣẹ́, kì í ṣe ìwé ni a kọ́kọ́ ń rà fún un. Òbí á mú un lọ bá ọ̀gá, wọn á dá iye ọdún tí yóò lò, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, á máa wo ọwọ́ ọ̀gá, títí di ọjọ́ tí yóò gba òmìnira. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwa, òdìkejì ni. Ìwé ni a kọ́kọ́ ń gbé lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, nígbà mìíràn ìwé náà nìkan ni yóò sì bá kúrò lọ́dọ̀ wa. Èwo nínú ọ̀nà méjèèjì ló tọ̀nà? Àbí àwọn méjèèjì ló nílò ara wọn?

Ìbéèrè yìí kò jẹ wá lógún tó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, títí wọ́n fi pè wá síbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ kan ní iṣẹ́ bàrísítà nílùú Lọ́kọ́jà. Wọ́n fẹ́ kí olùkọ́ Yorùbá bá wọn túmọ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà wọn, nítorí pé ọmọ Okun ló pọ̀ nínú àwọn tó wá kọ́ṣẹ́. A rò pé iṣẹ́ kékeré ni. A mú bírò àti ìwé atúmọ̀-èdè dání, a jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ń wò.

Ẹni méjì ló mú wa pa ìwé atúmọ̀-èdè dé. Èkíní jẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń ka NCE nínú ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé. Ó ti ka ìwé ìtọ́sọ́nà náà tán kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá jí i lóru, yóò ka gbogbo ìwọ̀n inú rẹ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan ẹ̀rọ, kọfí rẹ̀ tú jáde wàràwàrà, kò pé ìṣẹ́jú-àáyá 12 tí ife fi kún, ó sì kan gógó. Ó tún wo ìwé, ó tún ṣe bákan náà, ohun kan náà ló tún jáde. Omijé lé sí i lójú. Ó ní, "Mà, ohun tí ìwé sọ náà ni mo ṣe."

Èkejì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti ń bá aláṣáyì ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó wà ní kékeré. Kò ṣí ìwé kankan. Ó wo ọ̀gá lẹ́ẹ̀mejì, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, kọfí rẹ̀ dára. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òjò ti rọ̀, wọ́n sì ti já àpò kọfí tuntun. Kọfí tirẹ̀ náà bàjẹ́. Ó yí ẹ̀rọ ìlọ̀, ó bu ìyẹ̀fun kún un, ó tún tẹ̀ ẹ́ le sí i, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó ń ba nǹkan jẹ́. Ọmọbìnrin tó sunkún lọ́sẹ̀ tó kọjá ló sọ fún un pé, "Ọ̀kan ṣoṣo ni kí o yí lẹ́ẹ̀kan. Ó wà nínú ìwé."

Nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjì wọ̀nyí ni pépà yìí ti ṣẹ̀.

Kọfí, Lọ́kọ́jà àti ilẹ̀ Okun

Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé kí ló kan Lọ́kọ́jà kan kọfí. Ọ̀rọ̀ náà kàn án gidigidi. Ní ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ Kogi, ní agbègbè Kàbà àti Ìjùmú, kọfí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn irè oko tí àwọn àgbà gbìn láti fi rí owó. Irú tí wọ́n ń pè ní Robusta ló pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Arabica ní tirẹ̀ fẹ́ràn òkè tó tutù, irú bí orí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba. Ilé ìwádìí CRIN, tí òfin ọdún 1964 gbé kalẹ̀, tí olú rẹ̀ sì wà ní Ìdí-Ayunrẹ́ nítòsí Ìbàdàn, ni ìjọba gbé ìwádìí lórí kọfí lé lọ́wọ́ pẹ̀lú kòkó, obì, kajú àti tíì. Ó ní ẹ̀ka ní Ochaja, ní ìpínlẹ̀ Kogi níbí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kọfí yìí dun ni. Ní 1986, ìjọba àpapọ̀ tú àwọn ìgbìmọ̀ tí ń bá àgbẹ̀ ra irè oko ká. Ní oṣù keje ọdún 1989, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń ṣètò iye kọfí tí wọn yóò máa tà lágbàáyé fọ́, iye owó kọfí sì já wálẹ̀ káàkiri ayé. Bàbá àgbà ọmọbìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní oko kọfí ní Ìjùmú. Igbó ti bo oko náà. Ó sọ fún wa pé kò sí ẹnì kankan nínú ẹbí àwọn tó mu kọfí oko náà rí. Wọ́n ń ká a, wọ́n ń sá a, wọ́n ń dì í sínú àpò fún oníbàárà. Èyí tí wọ́n ń mu nílé, inú ọ̀rá pélébé ni wọ́n ti ń rà á, omi gbígbóná ni wọ́n sì fi ń po ó.

Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ kíkọ́ iṣẹ́ bàrísítà ní Lọ́kọ́jà, a kò sọ̀rọ̀ àfẹ́ àwọn ará ìlú ńlá nìkan. Àwọn ilé kọfí ti ń pọ̀ ní Èkó àti Àbújá. Café Neo, fún àpẹẹrẹ, ti wà ní Èkó láti 2012. Lọ́kọ́jà wà lójú ọ̀nà Àbújá, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Bí ọmọ Okun bá mọ bí a ti ń yan kọfí, bí a ti ń lọ̀ ọ́, àti bí a ti ń fún un, oko bàbá àgbà lè padà di oko. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, irúgbìn náà yóò máa lọ síbòmíràn, yóò máa padà wá nínú ọ̀rá.

Ta ni bàrísítà?

Ọ̀rọ̀ Ítálì ni bàrísítà. Ní Yorùbá, a máa ń sọ pé a po tíì tàbí pé a po kọfí, nítorí omi gbígbóná àti ṣíbí ni a mọ̀ ọ́n mọ́. Bàrísítà kì í po. Ìyẹ̀fun kọfí ni ó ń dì sínú ife onírin ọlọ́wọ́, tí ẹ̀rọ yóò wá fi agbára ti omi gbígbóná gba àárín rẹ̀. A gbà pé ọ̀rọ̀ tó bá iṣẹ́ yìí mu jù ni "fún", bí a ti ń fún ọsàn, nítorí ohun tí orúkọ espresso gan-an ń tọ́ka sí ni ohun tí a tẹ̀ jáde.

Ẹ̀rọ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Angelo Moriondo gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ kan ní Turin ní 1884, Luigi Bezzera tún un ṣe ní 1901. Láti 1948 ni ẹ̀rọ Achille Gaggia, èyí tó ní ọ̀pá tí a ń fà wálẹ̀, ti mú kí fọ́ọ̀mù tó pọ́n rúsúrúsú máa lé sórí kọfí. Bàrísítà tó mọṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ kọfí yàtọ̀ sí kọfí, kí ó mọ bí a ti ń lọ̀ ọ́, bí a ti ń fún un, bí a ti ń fi ooru gbóná mílíìkì, bí a ti ń tọ́jú ẹ̀rọ, àti bí a ti ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀.

Ohun tí ìwé mọ̀ ọ́n ṣe

Iṣẹ́ yìí ti ní ìwé tirẹ̀. David Schomer kọ ìwé lórí ọgbọ́n iṣẹ́ espresso ní 1996. Scott Rao kọ ìwé ìléwọ́ fún bàrísítà ní 2008. James Hoffmann, tó gba ipò kìíní nínú ìdíje bàrísítà àgbáyé ní 2007, gbé ìwé àwòrán ilẹ̀ kọfí jáde ní 2014. Ẹgbẹ́ SCA, tí àwọn ẹgbẹ́ kọfí ti Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù parapọ̀ di ní 2017, ní ètò ẹ̀kọ́ tí a pín sí ìpele mẹ́ta, iṣẹ́ bàrísítà sì jẹ́ ẹ̀ka kan níbẹ̀. Nínú ètò náà, ìdánwò àkọsílẹ̀ wà, ìdánwò ọwọ́ sì wà.

Ohun mẹ́rin ni a rí pé ìwé mọ̀ ọ́n ṣe ju ọ̀gá lọ.

Èkíní ni ìwọ̀n. Ìwé yóò sọ fún ọ pé kí o fi nǹkan bí gíráàmù 18 ìyẹ̀fun fún gíráàmù 36 kọfí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 25 sí 30, kí omi wà láàárín 90 sí 96 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí agbára tí ń ti omi sì tó bar 9. Fún kọfí tí a ń sẹ́ lásán láìlo ẹ̀rọ espresso, gíráàmù 55 sí 60 fún lítà omi kan ni yóò sọ. Ọ̀gá tí kò ka ìwé lè mọ ìwọ̀n wọ̀nyí ní ọwọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá kú, ó kú pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀.

Èkejì ni ìdí. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, E. E. Lockhart ṣe ìwádìí ní ilé ẹ̀kọ́ MIT lórí iye tí omi ń yọ lára ìyẹ̀fun kọfí. Ó fi hàn pé bí ohun tí omi yọ bá wà láàárín ìdá 18 sí 22 nínú ọgọ́rùn-ún, adùn rẹ̀ ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lára mu. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kọfí á kan. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, á korò. Ẹni tó bá mọ èyí ti ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Kò ní máa ta ọfà sínú òkùnkùn.

Ẹ̀kẹta ni ètò àyẹ̀wò. "Ọ̀kan ṣoṣo ni kí o yí lẹ́ẹ̀kan" kì í ṣe ohun tí ọwọ́ ń kọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ tó ń kánjú á yí gbogbo nǹkan. Ìwé ló ń kọ́ni ní sùúrù yìí, nítorí ọ̀nà ìwádìí sáyẹ́ǹsì ni.

Ẹ̀kẹrin ni ààbò àti ìmọ́tótó. Ooru tó ń jáde lẹ́nu ọ̀pá ẹ̀rọ lè bó ènìyàn lára ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mílíìkì tó gbẹ mọ́ ẹnu ọ̀pá náà lè di àìsàn fún oníbàárà. A kò gbọdọ̀ fi irú ìmọ̀ báyìí sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìpalára kọ́ ọ.

Ibi tí ìwé dákẹ́ sí

Kí ló dé tí kọfí ọmọbìnrin wa fi bàjẹ́ nígbà tó ṣe ohun tí ìwé sọ? Ìwé sọ ìwọ̀n fún un, ó sọ àkókò. Kò lè sọ ibi tí yóò yí ẹ̀rọ ìlọ̀ dé, nítorí ẹ̀rọ ìlọ̀ méjì kì í dọ́gba. Kọfí tí wọ́n fún un sì ti pẹ́ nínú àpò. Kọfí tí ó ti pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n yan án máa ń jẹ́ kí omi yára gbà á kọjá. Ó yẹ kí ó lọ̀ ọ́ kúnná sí i. Ohun tí ìwé fún un ni ibi tí à ń lọ. Ọ̀nà ibẹ̀ láti iwájú ẹ̀rọ tirẹ̀ kò sí nínú ìwé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú ọjọ́. Ẹni tó ń gbé Lọ́kọ́jà mọ ooru ibẹ̀. Ìyẹ̀fun tó ṣàn dáadáa nígbà ọyẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà òjò, bàrísítà sì ní láti máa tún ẹ̀rọ ìlọ̀ yí bí ọjọ́ ti ń yí. Omi náà ńkọ́? Omi kànga, omi ẹ̀rọ àti omi inú ọ̀rá kò rí bákan náà lẹ́nu, wọn kò sì rí bákan náà nínú ẹ̀rọ. Bí iná bá tún lọ láàárín iṣẹ́, tí a tan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tún gbóná kí a tó lò ó. Nínú àwọn ìwé tó kọjá lọ́wọ́ wa, Arabica ni ọ̀pọ̀ wọn ní lọ́kàn. Robusta, tí ilẹ̀ wa ń so, kàn ń fara hàn níbẹ̀ bí àlejò ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni kaféènì inú Robusta tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti Arabica, ó korò jù ú lọ, fọ́ọ̀mù rẹ̀ sì máa ń nípọn. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n Arabica fún Robusta láìtọ́ ọ wò lè rò pé òun kò mọṣẹ́.

Yàtọ̀ sí èyí, ìmọ̀ kan wà tí a kò lè kọ sílẹ̀ tán. Michael Polanyi, nínú ìwé tó kọ ní 1966, ṣàlàyé pé irú ìmọ̀ kan wà tí ẹni tó ni ín kò lè fi ọ̀rọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ dópin. Àwọn ìyá wa mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí Polanyi tó kọ ọ́. Aláró máa ń fi ahọ́n tọ́ aró wò kí ó tó ki aṣọ bọ̀ ọ́. Ẹni tó ń yan gàrí mọ ìgbà tó gbẹ láti inú ohùn tó ń ti inú agbada jáde. Ẹni tó ń yan kọfí náà ń gbọ́ ohùn. Kọfí á bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí àgbàdo tó ń di gúgúrú, ibẹ̀ ni etí ti ń mọ̀ pé ó ti tó gbé tàbí pé ó kù díẹ̀. Ìwé lè sọ pé kí mílíìkì wà láàárín 55 sí 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Àtẹ́lẹwọ́ tó di ife mú ló ń mọ̀ ọ́n láìwo òṣùwọ̀n. Àwọn àgbà kúkú ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.

Èyí ni ọmọ aláṣáyì ní tí ọmọbìnrin wa kò ní. Ọdún púpọ̀ ló ti fi da ṣáyì láti ife kan sí èkejì lókè lókè títí yóò fi hó. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ìwúwo ohun olómi àti ooru rẹ̀ kí ó tó rí ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó mọ nǹkan láìmọ ìdí rẹ̀, bí nǹkan bá yí padà, á dà bí àlejò nínú ilé ara rẹ̀.

Èdè wo ni kí ìwé fi sọ ọ́?

Ibí yìí ni iṣẹ́ tí wọ́n pè wá fún wọlé. Nígbà tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni a ń wá ìtumọ̀ fún. Láìpẹ́ a rí i pé ìṣòro náà ju ti ọ̀rọ̀ lọ. Ọ̀gá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bóyá kọfí tí wọ́n tọ́ wò kan ni tàbí ó korò. Ìdáhùn wọn dàrú. Àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo pe méjèèjì. A wá bi wọ́n ní Yorùbá pé, "Ṣé ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ó korò bí ewúro?" Kò sí ẹni tó ṣìnà. Ahọ́n wọn ti mọ ìyàtọ̀ náà láti kékeré. Orúkọ tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì pè é ni kò tíì jókòó. Ìyàtọ̀ kékeré kọ́ ni, nítorí bí ó bá kan, a ó lọ̀ ọ́ kúnná sí i. Bí ó bá korò jù, a ó lọ̀ ọ́ kí ó má kúnná tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá pe kíkan ní kíkorò yóò yí ẹ̀rọ sí òdì, kọfí yóò sì máa bàjẹ́ sí i.

Láti ibẹ̀ ni a ti yí ọ̀nà ìtumọ̀ wa padà. Fún bí ìyẹ̀fun ṣe kúnná sí, a fi ohun tí wọ́n mọ̀ ṣe òdiwọ̀n. Èlùbọ́ kúnná jù, gàrí kò kúnná tó, ti espresso wà láàárín èlùbọ́ àti iyọ̀ tó kúnná. Fún bí kọfí ṣe ń jáde, a kọ ọ́ pé bí ó bá ń kán tó-tó-tó, ìyẹ̀fun ti kúnná jù. Bí ó bá ń tú wàràwàrà, kò kúnná tó. Bí ó bá ń ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìrù eku, ó ti bọ́ sí i. Àwọn ará Ítálì pàápàá ń fi ìrù eku júwe rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bíi tó-tó-tó àti wàràwàrà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán nínú èdè wa. Wọ́n ń gbé ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́ wọnú gbólóhùn, ohun tí òǹkà lásán kò lè ṣe.

Kíkọ ìwé iṣẹ́ ní èdè abínibí kì í ṣe nǹkan àjèjì. Lọ́kọ́jà wà lára ìlú tí Ajayi Crowther ti ṣiṣẹ́ ìwé àti ìhìnrere, ọkùnrin tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ìwé ède-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1990. Ọ̀nà ti wà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni a kò tíì mú gba ibẹ̀ tó.

A kò sọ pé kí a ju Gẹ̀ẹ́sì nù. Ara ẹ̀rọ ni wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì sí, ìdánwò àgbáyé náà sì ní èdè tirẹ̀. Nínú yàrá ẹ̀kọ́ yẹn gan-an, ọmọ Igala àti ọmọ Ebira wà, àwọn náà ní ọ̀rọ̀ fún kíkan àti kíkorò. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ahọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní èdè tó fi mọ adùn.

Ìwé lẹ́ẹ̀mẹta

Láti inú ohun tí a rí, a dábàá pé kí ìwé wọ inú ẹ̀kọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Àkọ́kọ́ ni kí a tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Kí ìwé yìí má ju ojú ewé kan tàbí méjì lọ. Orúkọ àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀rọ, òfin ààbò àti ìwọ̀n mẹ́rin tó ṣe kókó ni kí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí a bá kó odindi ìwé bò kí ó tó rí ife yóò rò pé òun ti mọṣẹ́.

Èkejì ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Kì í ṣe ìwé ńlá, páálí tí a lẹ̀ mọ́ ògiri ni. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi, omi kò lè bà á jẹ́. Bí ó bá kan, ṣe báyìí. Bí ó bá korò, ṣe báyìí. Ọ̀kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ tó tutù fún omi kò lè máa ṣí ojú ewé.

Ẹ̀kẹta ni lẹ́yìn iṣẹ́, èyí sì ni a kà sí pàtàkì jù. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìwé tirẹ̀. Lójoojúmọ́, kí ó kọ déètì, irú kọfí, ọjọ́ tí wọ́n yan án, bí ojú ọjọ́ ti rí, ibi tí ó yí ẹ̀rọ ìlọ̀ dé, gíráàmù tó lò, ìṣẹ́jú-àáyá tó gbà, àti bí ó ti rí lẹ́nu rẹ̀ ní èdè rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí a wá gbé ìwé ńlá lé e lọ́wọ́. Nígbà náà, yóò ní ìbéèrè tí yóò bá wọnú ìwé. Ẹni tó bá mú ìbéèrè wọnú ìwé ni ìwé ń dá lóhùn.

Jean Lave fara balẹ̀ wo àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ní Liberia, òun àti Etienne Wenger sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1991. Àwọn ọmọ iṣẹ́ náà kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí gígé aṣọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gígé ló ṣáájú bí a bá ń rán aṣọ. Wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ láti ìparí: lílọ aṣọ, gbígbé bọ́tìnnì sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó kọ́ rírán, wọn yóò sì fi gígé kẹ́yìn, nítorí àṣìṣe níbi gígé ń ba aṣọ jẹ́. A rò pé ètò yìí bá iṣẹ́ bàrísítà mu. Kí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìmọ́tótó àti gbígbé ife fún oníbàárà, kí ó bọ́ sórí mílíìkì, kí ó wá fún kọfí, kí yíyí ẹ̀rọ ìlọ̀ wà lẹ́yìn. Ìwé ìtọ́sọ́nà, ní tirẹ̀, orí kọfí tútù láti oko ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ètò ìwé yàtọ̀ sí ètò ọwọ́, olùkọ́ ló gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe so wọ́n pọ̀.

Ọ̀rọ̀ sí àwa olùkọ́ àwọn olùkọ́

Ó rọrùn láti dá ìwé lẹ́bi. Àwa ni ó yẹ kí a wò. Ní 2011 ni àwọn ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n wọ ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì àgbà, iṣẹ́ oúnjẹ sì wà lára wọn nígbà náà. Àwọn tí yóò kọ́ ọmọ ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ni púpọ̀ nínú wọn ti ń jáde. Ètò SIWES, tí ITF bẹ̀rẹ̀ ní 1973, wà kí akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ síbi iṣẹ́ gidi. Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ ohun tí a máa ń ṣe. A ń béèrè nínú ìdánwò pé kí akẹ́kọ̀ọ́ dárúkọ ànímọ́ márùn-ún ti nǹkan, ó ń dárúkọ wọn, a ń fún un ní máàkì. Ọwọ́ rẹ̀ kò kan nǹkan náà rí.

Kí a má baà ju òkò sí ẹlòmíràn nìkan, àwa tí a kọ pépà yìí ti ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi kọ́ni ní ìlù dùndún láti inú ìwé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lè to ìyáàlù, kẹríkẹrì, gángan, ìsaájú àti gúdúgúdú léra, wọn á sì gba A. Lọ́jọ́ kan, onílù kan ṣèbẹ̀wò sí wa, ó na ọ̀pá ìlù sí ọ̀kan nínú àwọn tó gba A. Ọmọ náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá náà mú. Onílù náà kò bú u. Ojú wa ló wò. A kò gbàgbé ìwò náà.

Nítorí náà, àbá mẹ́ta ni a mú wá. Kí gbogbo ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ìdánwò ọwọ́ tí ẹni tó bá kùnà nínú rẹ̀ kò ní fi ìdánwò àkọsílẹ̀ bò. Kí ìwé àkọsílẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ fúnra rẹ̀ gba máàkì tiẹ̀. Kí ẹ̀ka èdè àti ẹ̀ka iṣẹ́ ọwọ́ jókòó pọ̀ kọ ìwé ìtọ́sọ́nà ní àwọn èdè agbègbè, pẹ̀lú ọ̀gá iṣẹ́ láàárín wọn, kì í ṣe lẹ́yìn tí ìwé bá ti jáde tán.

Àgbálọgbábọ̀

Ìwé kì í ṣe ọ̀tá ọwọ́, ọwọ́ kì í sì í ṣe ọ̀tá ìwé. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìwé ń fúnni ní ìwọ̀n, ìdí, ètò àti ààbò. Ọ̀gá ń fúnni ní ojú, etí àti àtẹ́lẹwọ́. Èdè ẹni ló ń jẹ́ kí méjèèjì gbọ́ ara wọn yé.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ náà ń parí lọ, ọmọbìnrin wa lọ sílé ní Ìjùmú. Ó ká ìwọ̀nba kọfí tó ṣẹ́kù nínú igbó oko bàbá àgbà. Nígbà tó gbẹ, ìyá rẹ̀ gún un nínú odó kí èèpo rẹ̀ lè bọ́. Wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n yan án nínú agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí. Ó mú un wá sí Lọ́kọ́jà nínú ọ̀rá. Ife àkọ́kọ́ korò jù, èkejì sàn díẹ̀, ó yí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀kẹta ṣe é mu. Kò sí ìwé ìtọ́sọ́nà kankan tó sọ nípa kọfí yẹn. Ó ṣí ojú ewé tuntun nínú ìwé tirẹ̀, ó kọ orúkọ abúlé wọn sí òkè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀.